Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láàárín Èkó àti Accra, kó yà kúrò ní títì ńlá

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí fífi ọkọ̀ ara ẹni rin etí òkun láti Èkó dé Accra. Ẹ ní ẹni tó bá gbéra ní ìdájí lè jẹun alẹ́ ní Accra lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣeé ṣe, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá sáré é bẹ́ẹ̀ kò ní í fojú kan òkun ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, torí pé títì ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ gba etí omi. Láti Kútọnu lọ, àárín ilẹ̀ ló gbà. Láti Aflao, ní bodè Gánà, ó yà sí Akatsi, kò sì tún sún mọ́ òkun títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Tema. Àárín Aného sí Lómé ni títì ńlá àti òkun ti jọ ń rìn dáadáa. Ibi yòókù, àfi kéèyàn yà.

Nǹkan bíi kìlómítà 480 ni gbogbo ọ̀nà náà: orílẹ̀-èdè mẹ́rin, bodè mẹ́ta, ìyẹn Sèmè láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Hillacondji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao láàárín Tógò àti Gánà. Ọjọ́ mẹ́ta ló tọ́ sí i. Bodè ló ń jẹ àkókò, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà. Nítorí náà, ibi tí a máa sùn ni ká kọ́kọ́ yàn, ká yàn án kó lè jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtù la ó máa dé bodè. Ká sùn sí Grand-Popo lálẹ́ ọjọ́ kìíní, torí pé kò jìnnà sí Hillacondji. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ká sùn sí Lómé, tó jẹ́ pé inú ìlú gan-an ni bodè wà. Ẹni tó bá sùn sí Kútọnu ṣì ní nǹkan bíi kìlómítà 100 níwájú kó tó dé bodè kejì, èrò á sì ti kún ibẹ̀ bámúbámú.

Kí olúkúlùkù, títí kan ọmọ ọwọ́, ní pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tirẹ̀, kí ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án sì ní yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà fún 90 ọjọ́, àmọ́ òǹtẹ̀ pọn dandan: ọ̀kan fún ìjáde, ọ̀kan fún ìwọlé, ní bodè kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ pé kí a tó wọ Accra. Òǹtẹ̀ ìjáde làwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé, torí pé wọ́n lè juwọ́ sí ọkọ̀ pé kó máa lọ. Ìgbà tí a bá dé fèrèsé kejì ni wọ́n á wá ní ká padà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù lé àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó òǹtẹ̀. Owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san lórí ọkọ̀, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀, adójútòfò tí a ń lò nílé kò ṣiṣẹ́ kọjá Sèmè. Ìwé Brown Card ti ECOWAS la nílò, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò wa la sì ti máa gbà á kí a tó kúrò nílé. Bí orúkọ ẹlòmíì bá wà lórí ìwé ọkọ̀, ká mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí onítọ̀hún búra sí ní kóòtù dání. Wọ́n á já ìwé kan fún ọkọ̀ ní bodè, laissez-passer ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì kọ iye ọjọ́ tó máa lò sórí rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka ọjọ́ àlọ nìkan, wọ́n á gbàgbé pé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà la tún máa gbà bọ̀. Bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí ìwé yẹn, owó ìtanràn nìyẹn. Ká má sì fi ẹ̀dà ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ọkọ̀ sílé, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní Sèmè nígbà àbọ̀.

Owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan la máa ṣẹ́ náírà sí i. Ká ṣẹ́ èyí tó bá kù sí sídì, owó Gánà, ní Aflao. Ká sọ̀ kalẹ̀ ká ka owó níṣojú ẹni tó ṣẹ́ ẹ, ká má kà á lójú fèrèsé ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ká kúrò ní Mile 2 ní aago márùn-ún ìdájí, kí àwọn tírélà tó kún ọ̀nà Agbara. Ká rọ epo kún táǹkì ní Àgbádárìgì. Bí ọkọ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá, lítà 50 tó gbé e dé Accra. Kpayo, epo inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì ní Bẹ̀nẹ̀, ó pọ̀ lọ jàra, àmọ́ omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè ba pọ́ǹpù àti injector jẹ́. Ilé epo ni kí ẹ ti rà. Sípíà táyà tó ní afẹ́fẹ́, jáàkì, sí-kọ́ṣọ̀n méjì, ẹ̀rọ panápaná àti fáànbẹ́ẹ̀tì kan kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú búùtù. Ẹni tó bá ráyè kó yà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ wo mọ́ṣáláṣí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, tí wọ́n kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil.

Ní Kútọnu, ẹ má ṣe bọ́ sí ọ̀nà àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan. Ẹ wá Fidjrossè kàn. Ibẹ̀ ni Route des Pêches ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àwọn apẹja tó gba etí òkun lọ sí Ouidah láàárín àgbọn. Wọ́n ti ń da ọ̀dà sí i díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti bá iyanrìn, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí nǹkan bíi 20 PSI kó lè fẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì dúró sójú iyanrìn rírọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ tó ń fún táyà dání kí ẹ lè dá afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà, torí táyà tó rọ̀ á gbóná, á sì bẹ́ lórí ọ̀dà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Jákèjádò etí òkun yìí, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Etí omi ga, ó sì jìn lójijì, omi tó ń padà lábẹ́ ìgbì sì máa ń fa géńdé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn omi, ọkọ̀ ojú omi wà ní Grand-Popo tó ń gbé èèyàn lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ká dúnàádúrà tán kí a tó wọ̀ ọ́, ká sì gba ẹ̀wù tó ń léfòó.

Ní ọjọ́ kejì, bí a bá ti kọjá Hillacondji, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí Tógò àti Gánà kì í lo aago tiwa. Kò fi ìmọ́lẹ̀ kún ọjọ́ o: ní nǹkan bí aago mẹ́fà ni ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀.

Láti Aného ni ìran tó dára jù bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì bani nínú jẹ́ jù. Ìgbì òkun wa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, odò Volta ló sì ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìsédò Akosombo sórí odò yẹn tán ní 1965, iyanrìn yẹn dín kù. Nígbà tí èbúté Lómé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, ògiri òkúta rẹ̀ tún dá púpọ̀ nínú ìyókù dúró. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn èbúté: ó ti gbé ilé, igi àgbọn àti ojú títì àtijọ́ lọ. Ẹ má wa ọkọ̀ tọ àwókù ọ̀nà tẹ́ ẹ bá rí létí omi, abẹ́ rẹ̀ lè ti ṣófo. Ní Agbodrafo, ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Togoville. Ọba ibẹ̀ ni àwọn ará Jámánì bá ṣe àdéhùn ní 1884, ibẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè Tógò ti gba orúkọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ má tẹ̀ lé máàpù orí fóònù, torí Akatsi ló máa darí yín sí. Ní Denu, ẹ yà sápá òsì lọ sí Keta àti Anloga. Ilẹ̀ tóóró ni, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, pẹ̀lú oko àlùbọ́sà kéékèèké nínú iyanrìn. Ẹ dúró wo ilé olódi Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784, tí òkun ti gbé apá kan rẹ̀ lọ. Ọ̀nà yẹn á gba Dabala já sí Sogakope, níbi afárá odò Volta, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti ẹja tíntín díndín. Ká gbìyànjú láti wọ Tema kí aago mẹ́rin tó lù, torí ọ̀nà Motorway tó ti ibẹ̀ lọ sí Accra máa ń dí nírọ̀lẹ́.

Oṣù kọkànlá àti oṣù kejì ló dára jù. Òjò máa ń ba ọ̀nà iyanrìn jẹ́ ní oṣù kẹfà, èrò Kérésì máa ń kún Sèmè, ọdún ìbílẹ̀ ti January 10 sì máa ń gba gbogbo ilé ìtura ní Ouidah.

Nígbà àbọ̀, ẹni tó bá sùn sí Lómé kó gbéra ní aago márùn-ún ìdájí. Wákàtí tí aago dá padà nígbà àlọ, aago máa gbà á padà ní Hillacondji, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kọjá Sèmè kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ibi àyẹ̀wò pọ̀ láti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, kòtò sì wà tí iná ọkọ̀ kì í tètè fi hàn. Kí ẹnikẹ́ni má di àpò ìrẹsì sínú búùtù.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó