Ẹ̀dà 15 Fún Iṣẹ́ Olùkọ́ Kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkópì ni mo ní ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn yunifásítì wa ń gbà wá olùkọ́ àti olùṣèwádìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí ti ń tẹ ìwé wọn.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì wọlé tọ̀ mí wá. Àwòrán ìpolówó tí ẹnì kan yà nínú ìwé ìròyìn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yunifásítì náà, tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ wa, fún àwọn tó bá fẹ́ kọ̀wé, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí ó pé. Ẹ̀dà 15 ni wọ́n béèrè: lẹ́tà, CV, gbogbo ìwé ẹ̀rí àti àwọn iṣẹ́ ìwádìí tí ó ti tẹ̀ jáde. À ń tẹ̀ ẹ́ títí iná fi lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, a tún ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Inú àpò ìrẹsì ni a kó o sí nígbẹ̀yìn. Mo dín owó náà kù fún un, síbẹ̀ ó ní láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó rí i san tán. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún méjì, àwọn méjì ìṣáájú kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà sí i. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò Agric, ní Ìkòròdú níbí, báyìí.

Láti ọdún 1978 ni a ti dá JAMB sílẹ̀. Lónìí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, kí ó mú yunifásítì tó wà ní Maiduguri, láìru bébà kankan. Kí ló dé tí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà fi ń gbé àpò ìwé wọ ọkọ̀ èrò?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yunifásítì Warwick ló ń bójú tó jobs.ac.uk, níbi tí àwọn yunifásítì yòókù náà ti ń polówó àyè iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí, àti, lọ́pọ̀ ìgbà, iye owó oṣù àti orúkọ ẹni tí a lè bi ní ìbéèrè. Àwọn oníbàárà mi máa ń kọ̀wé sí irú ibẹ̀ láti orí àga tí mo jókòó sí yìí, bí wọn kò bá tilẹ̀ mú wọn, wọ́n á sọ fún wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀dà 15 yẹn ń mówó wọlé fún mi, ṣùgbọ́n owó tó ń dùn mí láti gbà ni. Láti ọdún 2022 tí Pọ́lì ìlú wa ti di yunifásítì, LASUSTECH, àwọn tó ń bi mí bóyá àyè iṣẹ́ ti ṣí sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ẹni tó bá mọ ènìyàn nínú ilé ló ń tètè gbọ́.

Mo bẹ àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, kí wọ́n ṣí ojúlé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo yunifásítì máa gbé àyè iṣẹ́ wọn síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìwé ìròyìn bá gbé e jáde, kí ẹ̀dà kan péré sì tó. Bí ìyẹn yóò bá pẹ́, kí àwọn yunifásítì kọ́kọ́ máa dá ẹni tó kọ̀wé lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tòkópì kan, Odógunyàn, Ìkòròdú.