Lẹ́tà sí Múfútaù lórí gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀

Leeds,
Oṣù Kọkànlá.

Múfútaù ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Dáadáa la wà níbí, àfi òtútù tó ti gbòde.

Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí ìwọ ni yóò yé jù. O mọ àwọn ìlà tín-ín-rín tó dábùú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ tòkunbọ̀? Iná ló ń gba inú wọn, tí gíláàsì fi ń gbóná, tí ìrì fi ń gbẹ. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, èémí àwa tá a wà nínú ọkọ̀ nìkan ti tó láti bo gíláàsì náà pátá. Lára tiwa, ìlà mẹ́ta kò gbóná mọ́. Òkè á mọ́, ìsàlẹ̀ á mọ́, àárín tí díńgí ń kọjú sí gan-an ni ìrì á dì sí. Ọkọ̀ yẹn ni ìyàwó mi fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, Múfú. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Mẹkáníìkì kan ní àfi kí n ra gíláàsì tuntun. Mo ní ó tì. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ pé ká má tíì tú nǹkan kan, ká kọ́kọ́ wá ibi tí iná dé dúró. Fíúsì ò lẹ́jọ́, torí àwọn ìlà yòókù ń gbóná. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mo fi fóìlì wé ẹnu mítà tí mo fi ń wọn iná kó má baà ha ìlà. Mo fi wáyà dúdú kan irin ara ọkọ̀, mo wá ń fi pupa tọ ìlà lọ díẹ̀díẹ̀. Ìlà tó dá ṣáṣá, fóòtì rẹ̀ á lé ní 12 lápá kan, á kù bí ìdajì láàárín, á sì máa relẹ̀ lọ títí yóò fi tán lápá kejì. Èyí tó já ò relẹ̀ rárá: ó dúró gbọin sórí 12, lójijì ó já sí òdo. Ibẹ̀ gan-an ló ti já! Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já, bí ẹni pé igun àpótí kan ló ha wọ́n.

Ọ̀dà tí wọ́n po fàdákà mọ́ ni wọ́n fi ń dí i, inú ìgò kékeré bíi ti ọ̀dà èékánná ló wà. Mo fi sípírítì nu ojú ibẹ̀, mo lẹ téèpù sókè àti sísàlẹ̀ ìlà, mo kùn ún kọjá ojú tó já díẹ̀. Mo fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí n tó tanná sí i, torí kò lè gbé iná dáadáa bí kò bá gbẹ. Ní báyìí, gbogbo gíláàsì ló ń mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ tí wáyà kì bọ̀ ló ṣí, ọ̀dà yìí ò ní ràn án. Lẹ́ẹ̀dì ni wàá jó sí i.

Jọ̀ọ́, kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ́ tíǹtì lọ́dọ̀ yín: abẹ ò gbọdọ̀ kan inú gíláàsì ẹ̀yìn. Inú ni ìlà wà, yóò họ ọ́ kúrò. Kí wọ́n fi ooru rọ tíǹtì náà kí wọ́n tó ṣí i. Bí òjò bá dé, tí èrò kún ọkọ̀, tí gbogbo wọn ká gíláàsì sókè, wọ́n á nílò ìlà yẹn n'Ìbàdàn náà.

Bá mi wò ó bóyá wọ́n ń ta ọ̀dà náà ní Agodi Gate. Bí kò bá sí, kọ̀wé sí mi, n óò wá bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Lékan.