Irin Nìkan Kọ́ Ló Ń Wo Ọrùn Ẹsẹ̀ Tó Kán Sàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Láti Adó títí dé Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́: "Wọ́n ti fi irin sí i lẹ́sẹ̀, owó ńlá ni wọ́n san, síbẹ̀ ó ṣì ń tiro." Ẹnìkan á sì fi kún un pé ká ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n gbé e lọ, ì bá ti sàn. Títọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa, ohun tí a sì ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí kò sàn dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ilé ló ti bàjẹ́, kì í ṣe inú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Eegun mẹ́ta ló pàdé ní ọrùn ẹsẹ̀: eegun ojúgun, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a rìn lápá ìta, àti eegun kan lókè gìgísẹ̀ tí àwọn méjì yẹn há mọ́ àárín. Kókósẹ̀ tí à ń fọwọ́ kàn nínú àti lóde, ìsàlẹ̀ eegun méjì àkọ́kọ́ ni. Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú tí ẹsẹ̀ sì lọ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń kán. Dókítà á la apá ìta, á to eegun padà sí àyè rẹ̀, á fi irin pẹlẹbẹ lé e, á wá fi síkúrúù dè é. Apá inú sábà máa ń gba síkúrúù gígùn kan tàbí méjì. Irin yìí kì í wo eegun sàn. Iṣẹ́ pákó tí kápẹ́ńtà kàn yí kọnkéré ká ló ń ṣe: kọnkéré ló ń gbẹ, pákó kàn gbá a mú kó má yẹ̀ ni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí eegun tó mú ara wọn, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta kó tó le dáadáa. Ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń mu sìgá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé "kò dùn mí mọ́", irin nìkan ló ń gbé e. Bí irin bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, síkúrúù á tú tàbí kó ṣẹ́, eegun á sì yẹ̀.

Ẹ má fojú kéré yíyẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn oníwádìí méjì, Ramsey àti Hamilton, wọ̀n ọ́n: bí eegun àárín yẹn bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀ sí ìta, ibi tí eegun ti ń kan eegun á dín kù ní ìdá 42 nínú 100. Ìwúwo ara á wá jókòó sórí ìwọ̀nba tó kù, oríkèé á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń yin àwọn tó ń to eegun lórí ọrùn ẹsẹ̀. A ò sọ pé ọwọ́ wọn kò dára rárá; apá ọmọdé tó kán láàárín lè sàn lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tó lè mọ mìlímítà 1 láti orí awọ.

Ohun tó tún máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni dídúró de iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn ńlá, yálà l'Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n fi POP ààbọ̀, ẹfun líle tí wọ́n fi ń de eegun tó kán, gbé ẹsẹ̀ ró, wọ́n sì ní kó dúró fún ọjọ́ 7 sí 14. Ẹbí á ní owó ni dókítà ń dúró dè. Rárá o. Awọ ọrùn ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí ẹran púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá la awọ tó wú tó ń dán, ojú ọgbẹ́ lè má pàdé mọ́, kòkòrò á sì bá a wọlé dé ìdí irin. Ìgbà tí awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ ni wọ́n ń retí. Nítorí náà, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Gbígbé sókè ló ń mú wíwú rẹlẹ̀.

Gbígbé sókè náà sì nìyẹn, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ènìyàn jókòó sórí àga, kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kò tó. Kó dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Kí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta wà lábẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun, kí gìgísẹ̀ má fara kan nǹkan kan, torí gìgísẹ̀ tó bá ń tẹ ìrọ̀rí tọ̀sán-tòru á degbò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹsẹ̀ wà lókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi oníwákàtí mẹ́ta kò sí nínú ètò yẹn. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó dùbúlẹ̀ sílé pẹ̀lú. Kó máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kó tètè sọ bí ọmọ ìka kan bá tutù, bó bá kú tàbí tó bá dúdú. Tí ẹ bá tẹ èékánná rẹ̀ tí ẹ sì jù ú sílẹ̀, kó pupa padà kí ẹ tó ka éjì. Bí kò bá pupa, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i tí oògùn kò ràn án, tí fífa ọmọ ìka sókè sì ń mú un ké, POP ti fún un pa nìyẹn tàbí ẹ̀jẹ̀ ti há sínú ẹran ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹran ẹsẹ̀ lè kú. Bákan náà ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó ṣàdédé wú tó sì ń dun ni, tàbí èémí tó ń ṣẹ́ni: ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ti gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọgbẹ́ tó bá tún ń tú omi tó ń rùn, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ti ilé ìgbẹ́ wá le, ọ̀pọ̀ sì ń tijú láti béèrè. Kò sí bí ẹni tí wọ́n fi irin sí lọ́rùn ẹsẹ̀ ṣe lè lóṣòó lórí ṣáláńgá láìtẹ ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà gbẹ́ ihò sí àárín àga onígi tó dúró dáadáa, kí ẹ gbé e sórí ihò ṣáláńgá, tàbí kí ẹ ti póò sábẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Tó bá ń wẹ̀, kó jókòó, kó sì fi ọ̀rá méjì bo POP títí dé òkè, kó na ẹsẹ̀ náà sórí àpótí kúrò níbi tí omi ń dà sí.

Ọ̀pá abẹ́ abíyá, tí wọ́n ń pè ní kírọ́ọ̀ṣì: kí ìka méjì sí mẹ́ta lè wọ àárín orí ọ̀pá àti abíyá, kí ibi tí ọwọ́ ń dì mú bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Ọwọ́ ni kó gbé ara, kì í ṣe abíyá; ẹni tó bá gbé ara lé abíyá, iṣan ibẹ̀ lè kú débi tí kò ní lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ yẹ rọ́bà ìdí ọ̀pá wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí yangí ilẹ̀ wa kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ló ń ṣáájú. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló ń ṣáájú. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí Òkèmẹ̀sí, níbi tí ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ òkè, ẹ bá a wá ibùgbé nísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Lẹ́yìn yíyọ òwú tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí dókítà bá ti ní kó máa mì í, aṣọ ìnura ni kó kọ́ sí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ gún, kó fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Èyí ni ẹ̀rọ̀ títiro. Ẹsẹ̀ tó ti gan síbi tó nà sísàlẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀ dáadáa, kò sì sí bí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa gun òkè kan ní Èkìtì láìtiro. Nígbà tí X-ray ọ̀sẹ̀ kẹfà bá fi hàn pé eegun ti ń mú, kílò 20 ni kó kọ́kọ́ máa tẹ̀. Kí ẹ gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tó dára dúró sórí pákó tó ga bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó wá fi ẹsẹ̀ kejì tẹ òṣùwọ̀n títí yóò fi ka 20. Bí 20 ṣe rí lára nìyẹn. Kó máa fi kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni bíréèkì ẹ̀yìn yín, ẹsẹ̀ òsì ni jíà, nítorí náà kò sí èyí tó kán tí ẹ lè sọ pé ẹ ò lò. Kì í dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí ẹsẹ̀ tó lè tẹ bíréèkì kíákíá bó ṣe yẹ.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn wa fún kò wọ́n. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tú aláìsàn sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé kan ṣoṣo lédè Yorùbá: ọjọ́ tí wọ́n máa yọ òwú, ọjọ́ X-ray, ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ àti iye kílò, àti nọ́mbà fóònù ẹni tí ẹbí lè pè lóru bí ọmọ ìka bá tutù. Kí nọ́ọ̀sì sì kà á fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ nílé, kì í ṣe fún aláìsàn tí oorun oògùn ṣì ń kùn nìkan.

Àwa olùtọ́jú físíò àti nọ́ọ̀sì eegun,
Adó-Èkìtì.