Àjàní, Ṣé O Ti Kọ Ìwé Náà?

Àjàní ọmọ mi, ọkọ mi,

Ìwọ lo mọ ìdí tí o kò fi gbé tẹlifóònù. N kò bínú. Irọ́ ni, mo ń bínú. Ọmọ ará ilé wa tó ń wa sẹmijáàn, ọ̀kadà àwọn ará Kútọnu, ló wá sílé, ló ń sọ ọ́ káàkiri ọjà pé o fẹ́ kọ̀wé bọ́ aṣọ ṣọ́jà sílẹ̀, pé àwọn olóṣèlú kan fẹ́ fi ọ́ du ipò aṣòfin, pé wọ́n tilẹ̀ ti ṣèlérí mínísítà fún ọ bó bá yá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé o ti kọ ìwé náà?

Kajú ọdún yìí so dáadáa, owó rẹ̀ ni kò dára. Àbúrò rẹ ti bí, ọkùnrin ni. Atẹ́gùn ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun yóò tún un ṣe, o sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Òfin ilẹ̀ Benin wa tí wọ́n ṣe ní 1990 ní ṣọ́jà tó bá fẹ́ di aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí o bá kọ ọ́, tí ìbò kò wá gbè ọ́, ta ni yóò gbà ọ́ padà? Nígbà tí o wà ní Màlì, tí bọ́ǹbù ń bú lójú ọ̀nà, ààwẹ̀ ni mo gbà títí o fi dé. Ṣé àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ lánàá ni mo gbà á fún?

Bàbá mi jagun Indochine, ní ìhà Vietnam, fún Faransé. Alphonse Alley, ọ̀gá ṣọ́jà tó jẹ́ ọmọ Bàsílà, náà jà níbẹ̀, ó tún jà ní Mòrókò àti Àlùjíríà. Lóṣù Kejìlá 1967, Kouandété tó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ gbàjọba, wọ́n wá gbé Alley gorí àga ààrẹ. Nígbà tó fi di oṣù Keje 1968, wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní 1969 wọ́n ní ó fẹ́ jí Kouandété gbé, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un. Lọ́dún yẹn kan náà, Kouandété tún gbàjọba, òun náà ló tún tú u sílẹ̀! Ta ló lè lóye irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní 1973, ẹ̀wọ̀n ọdún 20. 1984 ló tó jáde, ó sì kú ní 1987. Ti mínísítà ńkọ́? Michel Aïkpé, ṣọ́jà bíi tìrẹ, ló wà nípò mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní 1975.

Wàá ní ayé ìgbà yẹn ti lọ. Ó lè ti lọ. Ṣé o ti kọ ìwé náà?

Àjàní, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Inú mi dùn. Mo ti ń yan aṣọ tí n ó wọ̀ lọ sí ilé aṣòfin ní Àjàṣẹ́. Mo ti ń gbọ́ bí àwọn alájàpá yóò ṣe máa pè mí ní Ìyá Mínísítà. Òru ni ẹ̀rù tó dé, nítorí mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Faransé ló so owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ojú kan, tí ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ jagun ń lọ sókè. Bàbá kú kí wọ́n tó tún un ṣe. Èmi ni mo ń sọ fún ọ, láti ìgbà tí o ti ń rá, pé ẹni tó bá wà nídìí ìjọba nìkan ló ń jẹun. O gbọ́ mi ju bí mo ti rò lọ.

Aláìgbọràn ọmọ! Ṣé o ń jẹun dáadáa?

Ọjọ́ Ẹtì la ó sọmọ lórúkọ. Má fi owó ránṣẹ́, ìwọ gan-an ni kí o wá. Bí ìwé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, mú un dání. Bó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ẹnu rẹ ni kí n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ti ọlọ́kadà.

Ìyá rẹ, ní Ṣábẹ