Aṣọ ẹbí ni wọ́n tà fún ọmọ mi, wọn ò jẹ́ kó jó

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ilé ìwé gíga tí ọmọ mi ti ń gbá fúbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní Ohio. Wọ́n ní kí àwa òbí dáwó jọ fún pátákó tuntun tí wọ́n á máa kọ ayò sí ní pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ojú wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ gan-an la wà níbẹ̀, wákàtí mẹ́fà nínú mọ́tò láti Maryland, èmi, ìyàwó mi àti ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ìdíje tó kẹ́yìn sáà ni, ọjọ́ ìdágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹrin, ìyẹn ọdún tó kẹ́yìn. Wọ́n pè wá sórí pápá, wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní òdòdó, ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú sì gé orúkọ wa jẹ bí ìrèké: sílébù mẹ́fà ló ní, méjì ló pè. A ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mi lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi fọn fèrè ìkẹyìn.

Màmá ò mọ nǹkan kan nípa fúbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ṣáà ń bi mí ni pé, "Dádì wọn, ìgbà wo ni tiwa máa wọlé?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n ti nà wá ní 41 sí 7, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n tún bi mí. Mi ò lóhùn. Màmá wo ọmọ ọmọ wọn nínú aṣọ eré tó mọ́ tónítóní, wọ́n ní, "Àbí aṣọ ẹbí lásán ni wọ́n tà fún un ni?"

Mi ò bínú pé a ò borí. Ìdíje mẹ́wàá la gbá, méjì la mú. Ilé ìwé Mount Union wà ní Ohio yẹn náà, ó ti gba ife orílẹ̀-èdè ti Division III, ìpele kẹta tí àwa náà wà, lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Gbogbo ilé ìwé kọ́ ló lè jẹ́ Mount Union. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ 118 ni wọ́n kó sínú ẹgbẹ́, ní ilé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lápapọ̀ ò ju 1,100 lọ. Mọ́kànlá ní í wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi wà lára àwọn tó ń dí ọ̀nà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Márùn-ún ní í dúró níbẹ̀, mọ́kànlélógún ni wọ́n kó wá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mẹ́rìndínlógún tó kù ṣe?

Owó ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ní Division III, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé ìwé gíga, ò gbà kí wọ́n fún ọmọ ní sukọláṣípù nítorí eré ìdárayá. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Kóòṣì wá sí pálọ̀ mi, ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó ní àwọn ò lè ṣe é láìsí ọmọ mi. Ẹ̀dínwó tí wọ́n fún wa, tí mo fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé sukọláṣípù bọ́ọ̀lù ni, èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọ́n wò fún un. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kì í gbá ohunkóhun gba irú rẹ̀ níbòmíì! Dọ́là 27,000 la ṣì ń san lọ́dún. Kóòṣì ọ̀hún ò lò ju ọdún kan lọ kó tó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni kẹta ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ mi àtàwọn bíi tirẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá pàdé ní Sátidé. Wọ́n á ṣe bí ọ̀tá, kí àwọn tó máa wọlé lè máa kọlù wọ́n, kó lè mọ́ wọn lára. Ibẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́dún kẹta. Ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun tí wọn ò pè é sí.

Ẹlòmíì á ní kí n rántí Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà, tó ti Azusa Pacific, ilé ìwé kékeré, di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá jìnnà jù nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi fúbọ́ọ̀lù jẹun, ní 1989, yáàdì 1,480. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n jẹ́ kó wọ pápá ni. (Azusa Pacific fúnra rẹ̀ ti fagi lé eré náà ní 2020.) Láti ìgbà tí Olusegun Oluwatimi, tó dàgbà ní Maryland wa níbí, ti gba Outland Trophy, àmì ẹ̀yẹ fún àwọn tó ń jà ní ìlà iwájú, ní Yunifásítì Michigan ní 2022, ọmọ Yorùbá tó bá ti ga díẹ̀, tó sì sanra, kóòṣì á ti kanlẹ̀kùn bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n dá ìdíje ẹgbẹ́ kejì, ti àwọn tí kì í wọ pápá ní Sátidé, padà. Lọ́dún tí ọmọ mi wọlé, mẹ́rin ni wọ́n gbá, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wo méjì, mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ akoto. Ọdún kejì ni àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní kò sówó bọ́ọ̀sì, kò sówó rẹfirí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tún ọ́fíìsì ara wọn ṣe! Ilé ìwé bíi tiwọn kún agbègbè náà, tí mọ́tò ò ní lò ju wákàtí méjì lọ kó tó débẹ̀. Kí márùn-ún péré fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n máa gbàlejò ara wọn ní ọ̀sán Àìkú. Kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó máa ba orúkọ ọmọ jẹ́. Bọ́ọ̀sì méjì, rẹfirí, olùtọ́jú àwọn tó bá fara pa, ó parí. Kí gbogbo ọmọ tó sanwó gbá, ó kéré tán, ìdajì wákàtí kan. Àwa òbí á gbé oúnjẹ wá. Ìyàwó mi nìkan lè se ìrẹsì tó máa bọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì.

Kí wọ́n sì máa kọ iye ọmọ tó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí òbí tó buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ńlá gba òdiwọ̀n ọmọ 105 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 2025. Kí àwọn kékeré náà ní tiwọn.

Ọmọ tèmi ti parí tirẹ̀. Àmọ́ kóòṣì kan ti wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn ò lè ṣe é láìsí ọmọ wọn. Mo ní kí wọ́n bi í pé mélòó ló ti wà ní ipò yẹn. Ó ní òun á padà pè wọ́n.

Ní ti owó pátákó, mo ti fèsì lẹ́tà wọn: mi ò ní san án, àmọ́ màá san owó bọ́ọ̀sì kan ní ọjọ́ Àìkú èyíkéyìí tí wọ́n bá mú. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Òbí kan,
Maryland, Amẹ́ríkà