Ajá tí kúrúnà bá bò lára, ẹ má fi í bímọ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn tó ń sin ajá, pàápàá àwọn tó ń mú akọ gun abo kí wọ́n lè rí ọmọ tà. Ohun tó ń ká mi lára ni bí a ṣe ń fi oògùn bo àléébù ìran mọ́lẹ̀. Ajá á ṣàìsàn, wọ́n á wò ó sàn, irun rẹ̀ á padà hù, kò sì ní í pẹ́ tí wọ́n á fi mú un gùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wá gbé àléébù náà wọ ilé ẹlòmíì.

Kúrúnà tí kòkòrò Demodex canis ń fà ni mo ní lọ́kàn jù. Ojú lásán kò lè rí kòkòrò yìí. Inú ihò tí irun ti ń hù ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ ajá tí ara wọn le koko ló ní in. Ara ìyá ni ọmọ ti ń kó o, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá fi ń mu ọmú. Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru ajá ojúlé kejì. Ara tó pé kì í jẹ́ kí kòkòrò náà pọ̀. Ara tó jogún àléébù ni kì í lè dá a dúró: kòkòrò á máa bí sí i, irun á máa re, awọ á pọ́n, bakitéríà á gba ojú ibẹ̀ wọlé, egbò á sì máa ṣọyún. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní í ṣe pẹ̀lú sàkáání àwọn jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) tí a ń pè ní DLA, ìyẹn àwọn jíìnì tó ń jẹ́ kí ara ajá dá àjèjì mọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé.

Kí a tó máa sọ̀rọ̀ ìran, ó yẹ kó dá wa lójú pé kúrúnà yìí gan-an ni. Dókítà ẹranko á fi ìka méjì fún awọ ibi tí irun ti re, kí kòkòrò lè ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Á fi òróró díẹ̀ pa abẹ tí ojú rẹ̀ ti kú, á sì máa fi fá ibẹ̀ síhà ibi tí irun dà sí, títí ẹ̀jẹ̀ á fi rú díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rú, ìfá náà kò jinlẹ̀ tó, ẹ má sì gbọ́kàn lé e bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ó yẹ kó fá ju ojú kan lọ, kó wò ó lábẹ́ maikirosíkópù, kó sì kọ iye àgbà, ọmọ àti ẹyin kòkòrò tó rí sílẹ̀, torí iye yẹn la ó fi mọ̀ lẹ́yìn oṣù kan bóyá oògùn ń ràn án. Awọ ẹ̀yà ajá tó ń jẹ́ Shar-Pei nípọn débi pé abẹ lè máà kan kòkòrò. A lè ní láti gé awọ bíńtín wò.

Bí ojú tó re kò bá ju mẹ́rin lọ, tí wọ́n sì kéré, ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló máa ń gba ara wọn sílẹ̀ láìlo oògùn. Irú èyí kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó gba odindi apá kan lára, tàbí tó mú ẹsẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lára ajá tí kò tíì pé ọdún kan, tàbí ọdún kan àbọ̀ bó bá jẹ́ ti ẹ̀yà ńlá. Ìyẹn ni a ń ka sí àjogúnbá. Bó bá jẹ́ pé àgbà ajá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára: àìsàn inú ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mọ̀nù, jẹjẹrẹ, tàbí oògùn sítẹ́rọ́ìdì. Sítẹ́rọ́ìdì yìí gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Wọ́n á rí ajá tó ń họra, wọ́n á gún un ní sítẹ́rọ́ìdì, ìhọra á rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò á sì fi àyè yẹn pọ̀ sí i.

Oògùn òde òní, bíi afoxolaner àti fluralaner, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kúrúnà yìí. A kì í dá a dúró nítorí pé irun ti hù. Ìgbà tí a bá fá awọ lẹ́ẹ̀mejì, tí oṣù kan wà láàárín wọn, tí a kò rí kòkòrò kankan nígbà méjèèjì, la tó ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere tí oògùn náà ń ṣe ti wá di ewu fún ìran ajá, torí ẹni tó fẹ́ rà kò lè rí àpá. Láti ọdún 1983 ni àwọn dókítà awọ ẹranko ní Amẹ́ríkà ti ní kí a tẹ akọ tó bá ní irú èyí tó bo ara lọ́dàá, kí a sì gba ilé ọmọ lára abo. Fún abo, ó tún ní àǹfààní mìíràn: ìgbà tó bá ń wá akọ àti ìgbà tó bá lóyún ni kúrúnà náà sábà máa ń padà. Ẹ má dúró lórí ajá tó ṣàìsàn nìkan. Ẹ má tún da bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀ mọ́, bí ara tiwọn tilẹ̀ ń dán.

Àwọn kan á ní ẹ̀yà ajá tiwọn le, kò sóhun tó lè ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo àrùn Leishmania infantum, tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà àti ní Brazil, tí eṣinṣin bíńtín afàjẹ̀mu tó ń jẹ́ sandfly ń gbé kiri. Kòkòrò rẹ̀ ń sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa á, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Ajá tó ń yè é ni èyí tí ara rẹ̀ lè ta àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn jí láti pa ohun tó wà nínú wọn. Ajá tí ara rẹ̀ kàn ń tú antibody, èròjà tí ara ń ṣe láti bá àjèjì jà, sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń kú, torí antibody kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ bá kòkòrò, ṣe ló ń lọ kóra jọ sínú kíndìnrín, tó ń bà á jẹ́. Ajá ọdẹ Ibiza sábà máa ń jà lọ́nà ti àkọ́kọ́. Boxer àti German Shepherd wà lára àwọn tó ń ṣàìsàn náà jù. Jíìnì SLC11A1, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì kó èròjà irin kúrò níbi tí kòkòrò wà, wà lára àwọn tó ń dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Jíìnì tó ń lọ́wọ́ sí i pọ̀. Ajá tí kò ṣàìsàn sì lè ní kòkòrò náà nínú, kí sandfly fà á lára rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì.

Nípa eégbọn, èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹ̀yà ajá Beagle. Òórùn ara rẹ̀ ní 2-hexanone àti benzaldehyde nínú, èròjà méjì tó ń lé eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀ Beagle náà. Ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ dá oògùn eégbọn dúró.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yà kan ni jíìnì fà. Babesia gibsoni, kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ lára Pit Bull ju ẹ̀yà mìíràn lọ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìjà ló ń fà á: ẹnu ajá tó ń bu ara wọn jẹ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.

Ibi tí jíìnì ti lè pa ajá láàárín ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ oògùn aràn tó ń jẹ́ ivermectin. Ọ̀pọ̀ Collie àti Australian Shepherd ló jogún àbùkù nínú jíìnì MDR1, tí kò fi lè lé oògùn náà kúrò nínú ọpọlọ. Ìwọ̀n tí a ń lò lóṣooṣù láti dènà aràn inú ọkàn, máíkírógíráàmù 6 fún kílò kan, kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ajá kílò 20 tí wọ́n bá fún ní mílílítà kan péré nínú abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù, èyí tí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ti gba máíkírógíráàmù 10,000, nígbà tó jẹ́ pé 120 ló yẹ kó gbà. Bó bá jẹ́ ajá tó jogún àbùkù náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè dákú lọ. Òwú tí a fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú tó fún àyẹ̀wò jíìnì yìí, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò náà kí ẹ tó lo ivermectin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ bi ẹni tó ń tà bóyá bàbá, ìyá, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ ìyá ajá náà ti gba ìtọ́jú kúrúnà rí kí wọ́n tó pé ọdún kan àbọ̀, kí ẹ sì ní kó fi ìwé dókítà hàn yín.

Èmi ni tiyín,
Oníṣègùn ẹranko