Ẹ fi switch pọ́ńpù sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ní bohóòlù nílé pé kì í ṣe gbogbo pọ́ńpù tó jóná ló jẹ́ ayédèrú. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi pressure switch sí ná, ìyẹn switch tó ń tan pọ́ńpù, tó sì ń pa á, bí agbára omi bá ṣe rí. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì alátẹ́gùn, táǹkì tí rọ́bà pín omi àti atẹ́gùn níyà nínú rẹ̀, gan-an ni ààyè rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí fáàfù tàbí fílítà láàárín àwọn méjèèjì. Bí fílítà bá dí níbẹ̀, switch á máa tan pọ́ńpù, á tún máa pa á, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nígbàkígbà tí mọ́tò bá gbéra, iná ńlá ló ń fà. Ooru tí iná yẹn ń mú wá ló ń jó wáyà inú mọ́tò. Lẹ́yìn tí omi bá ti kọjá táǹkì, tó ń lọ sínú ilé, ni kí fílítà wà.

Bí switch bá ń tan pọ́ńpù ní 30 psi (psi ni a fi ń wọn agbára omi àti atẹ́gùn), tó ń pa á ní 50, 28 psi ni kí atẹ́gùn táǹkì jẹ́. Ẹ pa iná, kí ẹ tú omi táǹkì dànù tán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ agbára omi ni géèjì máa kà. Bí omi bá ń yọ níbi tí a ti ń fa atẹ́gùn sí i, rọ́bà inú táǹkì ti ya nìyẹn. Òun ni kí ẹ pààrọ̀ kí ẹ tó ra pọ́ńpù mìíràn.

Àwa oníṣẹ́ omi,
Ìbàdàn.